Ajá Lórúkọ, Onílù Kò Ní

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo àwòrán ọ̀gágun ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yà láyé àtijọ́, n kò ní mú èyí tí ọ̀gágun ti na ìka síwájú, tí ó yọ àyà, tí èéfín ìbọn àgbá ń rú lẹ́yìn rẹ̀. Irú ìyẹn pọ̀ bí ewé. Àwòrán kékeré kan ni n óò mú, tí William Hogarth yà ní nǹkan bí ọdún 1745. Ọ̀gá ọkọ̀ jókòó sí yàrá rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń fa tábà, oúnjẹ ń bọ̀, orin ń lọ, ajá sì dé wíìgì sórí. Ẹ ò ṣì í kà o. Ajá ló dé wíìgì, ọ̀gá ọkọ̀ kò dé e.

Mo fẹ́ràn àwòrán yìí gidigidi. Ìjà tí mo ń bá a jà kò sì tíì parí.

Inú ìwé ńlá kan ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nílé ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní yíya àwòrán kí ó tó fẹ̀yìn tì. Oníwèé mẹ́wàá ni èmi, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń jẹ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ojú lásán ni mo fi ń wo àwòrán, bí ẹni ń wo ọjà tí wọ́n pàtẹ. Nígbà tí mo wá rìnrìn àjò dé Lọ́ńdọ̀nù, mo wọkọ̀ lọ sí Greenwich, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òkun wọn wà, nítorí pé àwọn ló ni àwòrán náà. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ó kéré. Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mítà kan. Àwòrán tí èèyàn lè há sábìyá gbé lọ ni, èyí tó yẹ fún pálọ̀, tí àlejò á máa wò nígbà tí wọ́n bá ń bu ọtí fún un.

Lord George Graham ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ọmọkùnrin tó kéré jù nínú àwọn ọmọ Duke Montrose ti ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì ni, wọ́n bí i ní 1715. Ọmọ ọlọ́lá kì í pẹ́ rí ipò: ní 1740 wọ́n ti fi í ṣe gómìnà Newfoundland, ní 1741 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1745, ó wà nínú ọkọ̀ ogun Bridgewater nígbà tí wọ́n kọlu àwọn ọkọ̀ Faransé kan ní tòsí Ostend. Àwọn ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjọba, aládàáni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti máa kó ọkọ̀ ọ̀tá ni wọ́n. Graham borí wọn, orúkọ rẹ̀ sì ròkè. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi kú, ní 1747. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá náà.

Aṣọ pupa ńlá kan ni ojú yín máa kọ́kọ́ bá, awọ onírun ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Graham ló wọ̀ ọ́. Ó jókòó bí ẹni tí ara tù, fìlà rírọ̀ ló dé, kòkò tábà gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dà. Ọdún 1748 ni àwọn ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní aṣọ iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn; kí ó tó dìgbà náà, ohun tó bá wu ọ̀gá ọkọ̀ ni í wọ̀. Ẹnì kan jókòó tì í nídìí tábìlì, ó wọ aṣọ dúdú, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Àwọn kan ní akọ̀wé ni, àwọn kan ní àlùfáà ọkọ̀ ni. Lójú tèmi, àlùfáà ni, torí pé àpárá tí Hogarth dá sí i lára kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ akọ̀wé. Kúkù ń gbé ẹran ẹyẹ tí wọ́n yan bọ̀ lórí àwo, àwo náà dagun, omi ọbẹ̀ sì ń kán sí ẹ̀yìn àlùfáà tó. Àlùfáà kò mọ̀. Kúkù kò wo àwo, kò wo àlùfáà. Àwa ni ó ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ pé a wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìránṣẹ́ kan dúró, ó ń kọrin. Ní apá ọ̀tún, ọkùnrin dúdú kan ń fọn fèrè, ó sì ń lu ìlù kékeré kan. Ajá tó dé wíìgì ní ìwé orin níwájú, wọ́n fi ife ọtí gbé ìwé náà dúró fún un, bí ẹni pé òun ni olórí akọrin. Ajá kejì ń hu ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni Hogarth, ajá kan ti tó. Àpárá tí a bá dá lẹ́ẹ̀mejì níjókòó kan máa ń dín kù.

Láyé ìgbà náà, wíìgì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Èèyàn pàtàkì kì í jáde láìdé e, bí ìjòyè wa kì í ti í ṣí orí sílẹ̀ nígboro. Ẹni tó bá gbé wíìgì Lord dé ajá, bí ẹni gbé fìlà olóyè dé òbúkọ ni. Ajá náà kì í sì í ṣe ajá ọkọ̀. Ajá Hogarth fúnra rẹ̀ ni, Trump ni wọ́n ń pè é. (Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni mò ń sọ o, kí ẹnikẹ́ni má fi òṣèlú bọ̀ ọ́.) Ní 1745 yẹn kan náà, Hogarth ya àwòrán ara rẹ̀, ó sì fi ajá yìí síwájú nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ajá níbí, bí ìgbà tí ayàwòrán fọwọ́ síwèé ni. Òun náà wà nínú yàrá.

Ibí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ yà. Wọ́n gbé ìka lé ojú ìwé, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o ò rí ohun tí òyìnbó yìí ṣe ni? Ajá méjì ń hu, èèyàn dúdú ń fọn fèrè láàárín wọn. Ẹgbẹ́ kan náà ló kó wọn sí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ni wíìgì ná."

Wọ́n ní kí ló kàn wíìgì. Mo ní òun gan-an ló kàn. Bí Hogarth bá fi ẹnì kan wé ajá nínú yàrá yẹn, Lord ni. Orí ajá ni iyì Lord wà. Àlùfáà ni ọbẹ̀ ń kán sí lára. Àwọn tó ní ipò ni ẹ̀rín náà ń bá wí. Ẹ wo onílù dáadáa, kò sí ohun tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ yẹn, nítorí àwọn tí ń wo àwòrán sáré kì í dúró níbẹ̀. Fèrè àti ìlù yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ní í lo méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ kan á di fèrè mú, ìka ọwọ́ kan náà á máa dí ihò rẹ̀, á máa ṣí i. Ọwọ́ kejì á máa lu ìlù. Ihò mẹ́ta péré ni irú fèrè bẹ́ẹ̀ ní, agbára èémí ni wọ́n fi ń wá àwọn ohùn tó kù. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lóru òní. Kí ọwọ́ kan máa lù, kí èkejì máa kọrin lójú fèrè, kí ọ̀kan má ṣi èkejì lọ́nà. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí wọ́n kàn fà wá láti ilé ìdáná pé kó wá pariwo. Ẹni tó kọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ sì dá a lójú, ni.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi rántí àwòrán mìíràn tí wọ́n fúnra wọn ti fi hàn mí rí, èyí tí Pierre Mignard, ará Faransé, yà ní 1682. Duchess Portsmouth, àlè ọba Charles Kejì, ló wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọmọbìnrin dúdú kékeré kan léjìká. Ọmọ náà ń gbé ìkarahun tí péálì kún inú rẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ ń wo ìyá ńlá yìí bí ẹni ń wo òòrùn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún ọmọ yẹn nínú àwòrán ni pé kí ó dúdú, kí ara ìyáàfin lè funfun. Onílù Hogarth kì í ṣe irú ìyẹn. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, orin tán, ìránṣẹ́ dákẹ́, ajá kò rí nǹkan kan kọ. Gbogbo àwòrán náà á dà bí ìgbà tí iná lọ nílé ijó.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹnu mi wọhò.

Ó rọrùn láti yin yàrá yìí pé fàájì ni gbogbo wọn jọ ń ṣe, pé kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọọṣẹ́. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní wíìgì ló lè bọ́ ọ fún ajá. Bó bá di òwúrọ̀, Graham á gbà á padà, á gbọn irun ajá dànù lára rẹ̀, á dé e lọ sí ilé ìgbìmọ̀. Ọlá tó bọ́ sílẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó lè jí i gbé. Ta ni nínú àwọn yòókù ló lè bọ́ ipò tirẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Kúkù ṣì ń gbé oúnjẹ. Ìránṣẹ́ ṣì ń kọrin fún ọ̀gá gbọ́. Onílù kò lè sọ pé apá ń ro òun, kí ẹlòmíràn gbà á. Fàájì ọ̀gá, iṣẹ́ ni fún tiwọn.

Ẹ fi wé Augustus Keppel, tí Joshua Reynolds yà láàárín 1752 sí 1753, tí àwòrán tirẹ̀ náà jẹ́ ti Greenwich. Ìyẹn ga ju mítà méjì lọ. Keppel ń rìn létí òkun, òkun ń ru, ó na ọwọ́ bí ẹni ń pàṣẹ fún afẹ́fẹ́. Ọmọ ọlọ́lá ni òun náà, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ iyì sílẹ̀ fún ajá, nítorí pé iyì náà ti mì tìtì rí. Ọkọ̀ rẹ̀, Maidstone, fọ́ létí ilẹ̀ Faransé ní 1747 níbi tó ti ń lé ọkọ̀ ọ̀tá. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ológun kí wọ́n tó dá a láre. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni Reynolds, òun ló gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí òkun Mẹditaréníà ní 1749. Àwòrán ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, àwòrán tí ń sọ pé ọkùnrin yìí kò rì. Ó lágbára, mi ò ní parọ́. Orúkọ Reynolds ti ibẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ tí ojú lè bá lọ. Keppel nìkan ni. (Keppel yìí náà ló gba erékùṣù Gorée ní etíkun Sẹ̀nẹ̀gà lọ́wọ́ Faransé ní 1758, ìyẹn kò sí nínú àwòrán.) Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ti Hogarth jù. Ó kéré, ó ń ṣe ṣàkàṣàkà, àmọ́ ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń gbé àwo àti àwọn tó ń lu ìlù. Ó ṣílẹ̀kùn fún wọn tán, kò béèrè orúkọ wọn.

Nílẹ̀ wa, bí onílù bá wọ agbo, wọ́n á fẹ́ mọ ọmọ Àyàn ilé ta ni. Àyántúndé ni àbí Àyánwálé? Onílù á ki onílé débi tí orí onílé á wú, onílé náà á sì mọ ẹni tó ki òun. Nínú yàrá Graham, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pe àwòrán, orúkọ ajá wà nínú ìwé, onílù kò ní àkọsílẹ̀ kankan.

Kì í ṣe pé èèyàn dúdú inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kì í lórúkọ láyé ìgbà náà. Ó lè ní méjì, ó lè ní mẹ́rin, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà. Nígbà tí mo jáde ní Greenwich, mo rìn lọ sí Deptford, ìlú kejì tó fara tì í létí odò Thames. Ibẹ̀ ni ọ̀gágun ojú omi kan, Michael Henry Pascal, ti fi ipá gbé Olaudah Equiano lọ tà ní 1762. Equiano, ọmọ Ìbò gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́, ti jẹ́ Michael nínú ọkọ̀ tó gbé e sọdá òkun, ó jẹ́ Jacob ní Virginia. Nígbà tí Pascal rà á, ó sọ ọ́ ní Gustavus Vassa, ó sì ń fún un ní ìgbátí títí ó fi ń jẹ́ ẹ. Ó bá Pascal ja ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú ọkọ̀ Namur níbi ogun Lagos ní 1759, Lagos ti ilẹ̀ Pọtogí o, kì í ṣe Èkó. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, tó ti rò pé òun ti di òmìnira, Pascal fà á lé ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ létí odò yẹn, wọ́n tún gbé e padà sínú oko ẹrú. Ọdún 1766 ló tó fi owó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú un wọ ọ̀rọ̀ àwòrán ni pé òun náà ní àwòrán. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1789, ojú rẹ̀ wà níwájú ìwé náà. Ó wọ kóòtù, ó ṣí Bíbélì lọ́wọ́, ó kọjú sí ẹni tó bá fẹ́ kàwé. Wọ́n sì kọ orúkọ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó gbé wá láti ilé àti èyí tí Pascal fún un. Bí a bá fi ọnà díwọ̀n rẹ̀, kò tó ìdámẹ́wàá ti Hogarth: ó le gbagidi, kò sí ẹ̀rín, kò sí ajá, kò sí aṣọ pupa. Àmọ́ ẹni tó ni ojú ló ni ìwé. Mi ò lè wo àwòrán yàrá Graham mọ́ kí n má fi ojú inú wo abẹ́ onílù bóyá n óò rí ìlà kan tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé ló kọ́ mi ní irú wíwò yìí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, fún ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Fọ́tò kan wà nílé wa, ọdún 1978 ni wọ́n yà á, lórí ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ jókòó láàárín, àwọn ọ̀gá kéékèèké yí i ká, bàbá mi dúró ní ìkangun pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé ọtí fún ẹni tó ń ya fọ́tò. Wọ́n tẹ orúkọ sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ àti orúkọ bàbá. Níbi tó kan bàbá mi, wọ́n kọ "sítúwádì".

Nígbà tí mo dé láti ìrìn àjò yẹn, mo gbé fọ́tò náà lọ bá wọn. Inú ń bí mi díẹ̀, kí n má purọ́. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí wọn ò kọ orúkọ yín?"

Wọ́n fi awò sójú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Sítúwádì ṣá ni mo jẹ́ nígbà náà." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka. Eléyìí kò lè fẹnu kan ata. Eléyìí máa ń sunkún lálẹ́ bí lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ kò bá dé. Ọ̀gá ọkọ̀ yìí, bó bá ti mu ọtí kẹta, á máa sọ ìtàn kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gbogbo wọn ni bàbá mi mọ̀, látorí dé àtàǹpàkò, bí ẹni ka wọ́n nínú ìwé.

Ni mo bá gbé àwòrán Hogarth jáde nínú fóònù mi, mo fi kúkù hàn wọ́n, mo fi omi ọbẹ̀ tó ń kán sẹ́yìn àlùfáà hàn wọ́n. Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn náà da ọbẹ̀ sí ọ̀gá kankan lára rí nínú ọkọ̀.

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n yọ awò lójú, wọ́n wojú mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.